Orí Kẹrin: Lẹ́yìn Ni Ìkórìíra Ń Dé

Ní ọdún 1920, dọ́là 10 ni ẹni tó bá fẹ́ wọ ẹgbẹ́ ẹlẹ́yàmẹ̀yà Ku Klux Klan ní Amẹ́ríkà ń san. Ẹni tó bá mú un wọlé yóò yọ dọ́là 4 sápò ara rẹ̀ kó tó fi ìyókù ránṣẹ́. Ọ̀gá tó wà lókè rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ náà ní dọ́là 1 tirẹ̀, èyí tó tún wà lókè ìyẹn ní sẹ́ǹtì 50. Òkè pátápátá ni ohun tó kù ń lọ, sọ́dọ̀ William Simmons tó jí ẹgbẹ́ náà dìde lórí àpáta Stone Mountain ní Georgia ní 1915, àti sọ́dọ̀ Edward Young Clarke àti Elizabeth Tyler, àwọn méjì tí iṣẹ́ wọn jẹ́ ìpolówó. Nígbà tí Simmons ń dá a ṣe, ẹgbẹ́ náà kò ju ẹgbẹ̀rún mélòó kan lọ. Nígbà tó fi máa di nǹkan bí ọdún 1924, wọ́n ti di mílíọ̀nù mélòó kan.

Àwọn tó ń gba dọ́là 4 yìí kì í wọ ìlú kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í bú ènìyàn dúdú lójú ẹsẹ̀. Ohun tó ń dun ìlú náà ni wọ́n kọ́kọ́ ń wádìí. Níbi tí àwọn ọmọ ìjọ Àgùdà bá ti ń pọ̀ sí i, wọn á ní Póòpù fẹ́ gba ilẹ̀. Ní etíkun ìwọ̀-oòrùn, àwọn ará Japan ni wọn yóò fẹ̀sùn kàn. Nítòsí ẹnubodè Mẹ́síkò, àwọn ará Mẹ́síkò. Níbi tí ọtí bá ti ń da ilé rú, wọn á ṣèlérí pé ẹgbẹ́ yóò lé àwọn tó ń ta ọtí abẹ́lẹ̀ kúrò nílùú. Wọ́n ń jẹ́ kí àwọn pásítọ̀ wọlé lọ́fẹ̀ẹ́. Lọ́jọ́ Ìsinmi, àwọn tó wọ aṣọ funfun tí wọ́n sì bojú á wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí ìsìn ń lọ lọ́wọ́, wọn á gbé owó kalẹ̀ níwájú ìjọ, wọn á sì jáde láìsọ̀rọ̀. Ta ni yóò rí irú èyí tí kò ní rò pé ènìyàn rere ni wọ́n?

Àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé méjì, Roland Fryer àti Steven Levitt, yẹ ìwé orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ìgbà náà wò, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2012. Àwọn tó wọ ẹgbẹ́ náà kàwé ju aráàlú yòókù lọ, iṣẹ́ ọ́fíìsì sì pọ̀ lọ́wọ́ wọn ju ti ẹlòmíràn lọ. Nítorí náà, kí á gbàgbé èrò pé òpè àti akúṣẹ̀ẹ́ nìkan ni irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ń rí mú. Èrò yẹn ń tu ẹni tó kàwé nínú, kò sì jóòótọ́.

Ìdí tí mo fi bẹ̀rẹ̀ láti ibi owó ni pé ó jẹ́ kí ojú wa ríran. Kíkó ènìyàn wọ ẹgbẹ́ ẹlẹ́yàmẹ̀yà jẹ́ iṣẹ́, ó ní ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é, àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe sì wà. Àwọn ẹgbẹ́ apá ọ̀tún tí mò ń sọ níhìn-ín ni àwọn tó gbà pé ẹ̀jẹ̀ kan ṣoṣo ló ni ilẹ̀, pé aláwọ̀ funfun ni yóò máa jọba, pé ẹni tí kì í bá ṣe tiwọn gbọ́dọ̀ lọ, bí kò bá sì fẹ́ lọ, kí wọ́n fi ipá mú un lọ. Orúkọ wọn yàtọ̀ láti ìlú sí ìlú. Ṣùgbọ́n ohun kan náà ni ìwádìí lórí wọn ń fi hàn léraléra: ìkórìíra kọ́ ni ilẹ̀kùn tí ènìyàn ń gbà wọlé. Inú yàrá ni wọ́n ti ń bá a. Ẹni tó wọlé ń wá ẹni tí yóò bá jókòó, orúkọ tí yóò máa jẹ́, iṣẹ́ tí yóò sọ ọ́ di ẹni tí a kà sí. Ẹgbẹ́ fún un ní gbogbo rẹ̀, lẹ́yìn náà ni wọ́n wá ń fi ọ̀tá hàn án.

Kathleen Blee, onímọ̀ nípa àwùjọ ní Yunifásítì Pittsburgh, bá àwọn obìnrin 34 tó wà nínú ẹgbẹ́ Klan, ẹgbẹ́ Násì tuntun àti irú wọn sọ̀rọ̀ fún wákàtí púpọ̀. Ìwé rẹ̀ jáde ní 2002. Ó retí pé òun yóò bá àwọn tí wọ́n fi ìkórìíra tọ́ dàgbà. Ọ̀pọ̀ wọn kò rí bẹ́ẹ̀. Ilé tó dáa ni wọ́n ti wá, wọ́n kàwé, wọ́n ń ṣiṣẹ́. Ẹnì kan tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ló pè wọ́n: ọ̀rẹ́, ará ibi iṣẹ́, mọ̀lẹ́bí. Wọ́n lọ nítorí ẹni tó pè wọ́n, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti kọ́ ohun tí wọn yóò gbàgbọ́.

Ohun kan tó tún ṣe àkíyèsí rẹ̀ ló mú mi ronú jù. Nígbà tí àwọn obìnrin náà bá ń sọ ìtàn ara wọn, wọn kì í sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Wọn á ní ojú àwọn là lọ́jọ́ kan ṣoṣo, pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀ tó fi òtítọ́ han àwọn, ìyẹn làwọn ṣe wọ ẹgbẹ́. Bẹ́ẹ̀, nígbà tí Blee bá tọ ìtàn náà lẹ́sẹẹsẹ, ẹgbẹ́ ló ti kọ́kọ́ wà, ìtàn ojú-tó-là ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ níbẹ̀. Èyí ló fi ṣòro láti mọ bí àwọn ẹgbẹ́ yìí ṣe ń ṣiṣẹ́ bó bá jẹ́ ẹnu àwọn ọmọ ẹgbẹ́ nìkan la fẹ́ gbọ́ ọ. Ẹni tó fà wọ́n wọlé ti parẹ́ kúrò nínú ìtàn. Ó dà bíi pé àwọn fúnra wọn ló rìn wọlé.

Ẹ jẹ́ ká wo ọmọdé kan tí ìtàn tirẹ̀ kò fi ẹni tó fà á pamọ́. Blue Island jẹ́ ìlú kékeré lẹ́bàá Chicago, àwọn ọmọ Itálì sì pọ̀ níbẹ̀. Christian Picciolini jẹ́ ọmọ ọdún 14 ní 1987. Láti Itálì ni bàbá àti ìyá rẹ̀ ti wá, iṣẹ́ sì ni wọ́n ń ṣe láti òwúrọ̀ ṣúlẹ̀, lójoojúmọ́. Wọn kò kọ́ ọ ní ìkórìíra. Àwọn gan-an jẹ́ àtìpó tí ojú wọn ti rí tó. Ohun tí ọmọ náà rí ni pé wọn kì í sí nílé. Lọ́jọ́ kan, ó dúró nínú ọ̀nà tóóró kan, ó ń fa igbó. Ọkọ̀ kan dúró, ọkùnrin kan tó fá orí kodoro, tó wọ bàtà gíga, sọ̀ kalẹ̀. Clark Martell lorúkọ rẹ̀, àgbàlagbà tó ti lé lógún ọdún dáadáa, ọ̀kan lára àwọn tó kọ́kọ́ dá ẹgbẹ́ afárí ẹlẹ́yàmẹ̀yà sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ó yọ igbó náà kúrò lẹ́nu ọmọ yìí, ó ní ohun tí àwọn Kọ́múníìsì àti àwọn Júù fẹ́ kó máa ṣe nìyẹn, kí ara rẹ̀ lè rọ̀ fún wọn.

Picciolini ti sọ ọ́ ní gbangba lọ́pọ̀ ìgbà pé òun kò mọ ohun tó ń jẹ́ Kọ́múníìsì nígbà náà, òun kò sì mọ ohun tó ń jẹ́ Júù. Ohun tó gbọ́ kọ́ ló mú un, bí kò ṣe pé àgbàlagbà kan dá ọkọ̀ dúró nítorí rẹ̀, ó bá a wí bí bàbá ṣe ń bá ọmọ wí, ó sì bi í léèrè orúkọ rẹ̀. Kò pé ọdún mélòó kan tí Martell wọ ẹ̀wọ̀n, tí ọmọ yìí sì di olórí àwọn afárí Chicago kó tó pé ọmọ ọdún 18. Ó dá ẹgbẹ́ olórin sílẹ̀, ó sì gbé orin ìkórìíra lọ kọ ní Jámánì ní 1992. Òun náà ti wá di ẹni tó ń dá ọkọ̀ dúró. Nígbà tó ṣàlàyé bó ṣe ń yan àwọn ọmọ tó ń fà, ó ní òun kì í wá ọmọ tó kórìíra ẹnikẹ́ni. Ọmọ tó dá jókòó lòún ń wá, èyí tí wọ́n ń fìyà jẹ níléèwé, èyí tí ilé rẹ̀ ti dàrú.

Ẹni tó bá gbé ọgbà yunifásítì ilẹ̀ wa rí kò nílò kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ èyí fún un. Bí ẹgbẹ́ òkùnkùn ṣe ń mú ọmọ ọdún kìíní náà nìyẹn: wọ́n ra oúnjẹ fún un, wọ́n gbà á lọ́wọ́ ẹni tó ń halẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n ń pè é ní àbúrò. Ọjọ́ tí wọ́n máa mú un wọ igbó lóru, ó ti pẹ́ tó ti jẹ wọ́n ní gbèsè.

Arie Kruglanski, onímọ̀ nípa ọkàn ènìyàn ní Yunifásítì Maryland, fi ọdún púpọ̀ wádìí oríṣiríṣi agbawèrè, ti ẹ̀sìn àti ti ẹ̀yà. Nǹkan mẹ́ta ló ní ó gbọ́dọ̀ pàdé lára ènìyàn: ìfẹ́ láti jẹ́ ẹni tó níyì, ìtàn kan tó sọ fún un bí yóò ṣe rí iyì náà, àti àwùjọ kan tó ń bá a tún ìtàn náà sọ. Ìtàn tó gbòde jù lónìí ni èyí tí òǹkọ̀wé Faransé kan, Renaud Camus, fún ní orúkọ nínú ìwé tó gbé jáde ní 2011: pé àwọn kan tó wà nípò ń fi àwọn àjèjì rọ́pò aláwọ̀ funfun nílẹ̀ wọn. Irọ́ ni. Àwọn ènìyàn ń ṣí láti ilẹ̀ kan sí òmíràn nítorí iṣẹ́, ogun, ẹ̀kọ́ àti ìfẹ́, kò sí ẹni tó jókòó síbì kan tó ń pète rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo agbára tí ìtàn yìí ní: ó sọ ẹni tí kò ríṣẹ́ di ọmọ ogun. Ẹni tó pa ènìyàn 51 ní mọ́sálásí méjì ní Christchurch ní 2019 kọ ọ́ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìdí tó fi pa wọ́n. Ẹni tó pa ènìyàn 23 ní El Paso lọ́dún kan náà kọ irú rẹ̀. Ní Buffalo, ní oṣù karùn-ún 2022, ẹnì kan wa ọkọ̀ fún wákàtí mélòó kan láti lọ pa àwọn adúláwọ̀ 10 ní ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ ńlá kan, ìtàn kan náà ló wà lọ́wọ́ tirẹ̀.

Kó tó di pé fóònù dé, orin ló gbé ìtàn wọn kiri. Ó yẹ kí á rántí pé àwọn afárí ìbẹ̀rẹ̀ ní London, ní nǹkan bí 1969, orin àwọn ọmọ Jàmáíkà ni wọ́n ń jó sí. Ọmọ òṣìṣẹ́ dúdú àti funfun jọ wà nílé ijó kan náà. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà ni àwọn olóṣèlú ẹlẹ́yàmẹ̀yà wá já aṣọ àti bàtà náà gbà. Ian Stuart Donaldson, olórin ẹgbẹ́ Skrewdriver, dá àjọ kan sílẹ̀ ní 1987 tó ń ṣètò òde orin ìkórìíra káàkiri Yúróòpù. Ní Amẹ́ríkà, William Pierce, tó ti kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní físíìsì ní yunifásítì rí, ra ilé iṣẹ́ àwo orin Resistance Records ní 1999. Pierce mọ ohun tó ń ṣe. Ìwé kékeré òṣèlú kì í ju ẹ̀ẹ̀kan lọ tí ọmọdé yóò kà á. Orin ni yóò gbọ́ nígbà ọgọ́rùn-ún, tí yóò sì mọ̀ ọ́n lórí kó tó mọ ohun tó ń sọ. Ní 2004, àwọn Násì tuntun Jámánì ṣe àwo orin 50,000 tí wọ́n fẹ́ pín lọ́fẹ̀ẹ́ fún àwọn ọmọ níwájú ilé ìwé wọn, kí ilé ẹjọ́ tó ní kí ọlọ́pàá gbà á.

Jámánì gan-an ni mo fẹ́ dúró sí díẹ̀, apá ìlà-oòrùn rẹ̀. Lẹ́yìn tí Ògiri Berlin wó ní 1989, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń bọ́ gbogbo ìlú ń ti ilẹ̀kùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ tí ìjọba Kọ́múníìsì ń darí túká. Bàbá tó ti ń ṣiṣẹ́ láti ogún ọdún jókòó sílé, olùkọ́ tó ń kọ́ ọmọ ní nǹkan kan lánàá ń kọ́ ọ ní òdìkejì rẹ̀ lónìí. Inú àlàfo yìí ni àwọn aṣáájú Násì tuntun láti ìwọ̀-oòrùn rọ́ wọ̀, wọ́n gbé ìwé, owó, orin àti ọtí bíà wá. Ní oṣù kọkànlá 1990, ní ìlú Eberswalde, àwọn ọ̀dọ́ lu Amadeu Antonio Kiowa, òṣìṣẹ́ kan láti Àǹgólà, títí tí kò fi mọ nǹkan mọ́. Ó kú nínú oṣù tó tẹ̀ lé e. Ní Rostock-Lichtenhagen, ní oṣù kẹjọ 1992, wọ́n sọ iná sí ilé tí àwọn òṣìṣẹ́ Vietnam ń gbé, ọ̀pọ̀ aládùúgbò sì dúró, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Mo ka àtẹ́wọ́ yẹn sí ọ̀kan lára ohun tó fa ọ̀dọ́ jù lọ wọ ẹgbẹ́ wọn lọ́dún náà. Ọmọ ọdún 16 tó gbọ́ ọ mọ̀ pé ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mélòó kan nìyẹn tí àgbàlagbà ń yìn ín.

Ní Jena, ní àdúgbò Winzerla, ìjọba ṣí ilé ìgbafẹ́ kan fún àwọn ọ̀dọ́. Ibẹ̀ ni Uwe Mundlos, Uwe Böhnhardt àti Beate Zschäpe ti ń pàdé. Àṣà tó wà nígbà náà láàárín àwọn òṣìṣẹ́ tó ń bójú tó ọ̀dọ́ ní Jámánì ni pé kí wọ́n gba àwọn afárí bí wọ́n ṣe rí, kí wọ́n fún wọn ní yàrá, kí wọ́n má bá wọn jiyàn. Èrò rere ló bí i, ṣùgbọ́n ní ibi púpọ̀, yàrá náà di ti ẹgbẹ́ ẹlẹ́yàmẹ̀yà, ọ̀dọ́ tí kò fẹ́ tiwọn kò sì gbọdọ̀ yọjú síbẹ̀ mọ́. Olórí ẹgbẹ́ tí àwọn mẹ́ta yìí tún wọ̀, Tino Brandt, ń gba owó lọ́wọ́ àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìjọba, ó sì sọ lẹ́yìn náà pé òun ná lára rẹ̀ sórí ẹgbẹ́. Láti 2000 sí 2007, àwọn mẹ́ta náà pa ènìyàn 10. Mẹ́sàn-án jẹ́ ọmọ àtìpó, mẹ́jọ láti ìdílé Tọ́kì àti ẹnì kan láti Gíríìsì, ẹnì kẹwàá jẹ́ obìnrin ọlọ́pàá. Ọdún mọ́kànlá kọjá kí wọ́n tó mọ̀ pé àwọn ni, ní oṣù kọkànlá 2011. Ní gbogbo àkókò yẹn, ẹbí àwọn tí wọ́n pa ni ọlọ́pàá ń fura sí: wọ́n bi opó léèrè nípa oògùn olóró, wọ́n bi ọmọ léèrè bóyá bàbá rẹ̀ ń jẹ gbèsè. Ó ń bí mi nínú títí di òní.

Íntánẹ́ẹ̀tì kò yí ọ̀nà wọn padà, ó kàn mú kí ọ̀nà náà kúrú. Don Black, tó ti ṣe olórí nínú Klan rí, ṣí ojúlé Stormfront ní 1995. Ọmọ rẹ̀, Derek, ń bójú tó abala àwọn ọmọdé níbẹ̀ nígbà tí òun náà ṣì wà lọ́mọdé. Nígbà tó fi máa di ọdún 2015, kò pọn dandan kí ẹnikẹ́ni pe ènìyàn mọ́. Dylann Roof, ọ̀dọ́kùnrin aláwọ̀ funfun kan ní Amẹ́ríkà, kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọ̀rọ̀ mélòó kan nípa ìwà ọ̀daràn adúláwọ̀ sí aláwọ̀ funfun lòún tẹ̀ sórí ẹ̀rọ, tí ẹ̀rọ sì gbé òun lọ sí ojúlé ẹgbẹ́ ẹlẹ́yàmẹ̀yà kan, Council of Conservative Citizens. Kò wọ ìpàdé kankan. Ní alẹ́ ọjọ́ 17 oṣù kẹfà, ó jókòó nínú ẹ̀kọ́ Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì Emanuel ní Charleston, àwọn tó wà níbẹ̀ fi í lọ́kàn balẹ̀, wọ́n fún un ní àyè, ó sì pa mẹ́sàn-án nínú wọn.

Àwàdà ni ohun èlò tí wọ́n ń lò jù lórí ẹ̀rọ, òbí púpọ̀ kò sì mọ̀ ọ́n ní ohun èlò. Ní 2017, ìlànà tí ojúlé Násì tuntun kan, Daily Stormer, fi ń kọ́ àwọn òǹkọ̀wé rẹ̀ já síta. Ó là á kalẹ̀ níbẹ̀ pé ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kò gbọdọ̀ lè mọ̀ bóyá wọ́n ń ṣàwàdà tàbí wọ́n ń sọ òótọ́. Ẹ ro bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ọmọ ọdún 13 rí àwòrán kan tó fi Júù tàbí ènìyàn dúdú ṣẹ̀sín, níbi tó ti ń ṣe géèmù pẹ̀lú àwọn tí kò rí ojú wọn rí. Bó bá rẹ́rìn-ín, ó ti di ará ilé. Bó bá ní kò dáa, wọn á ní kò mọ eré, àwọn ọmọ tó kù á fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Nítorí náà yóò rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, etí rẹ̀ ti di. Ọ̀rọ̀ tó ń ta á létí tẹ́lẹ̀ kò ta á mọ́, wọ́n sì lè wá bi í bóyá kò rò pé òótọ́ díẹ̀ wà nínú àwàdà náà. Bó ti ń jinlẹ̀ ni wọ́n ń kó o kúrò ní gbangba lọ sí ìkọ̀kọ̀, sí yàrá tí a fi orúkọ àdàpè wọ̀, níbi tí wọ́n ti ń bi ènìyàn léèrè ìbéèrè kí wọ́n tó gbà á.

Ní 2020, wọ́n rí olórí ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Feuerkrieg Division, tó ń rọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní ilẹ̀ mélòó kan láti pa ènìyàn kí wọ́n sì ju bọ́ǹbù. Ọmọ ọdún 13 ni, ní Estonia. Ẹni tó ń darí ẹ̀ka ẹgbẹ́ náà ní Britain, ọmọkùnrin kan ní Cornwall, jẹ́ ọmọ ọdún 13 nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìwé nípa ṣíṣe bọ́ǹbù jọ. Nílé, nínú yàrá rẹ̀ ló wà, tí àwọn àgbà sì rò pé ibi tí kò léwu ló wà.

Kì í ṣe ojú ẹ̀rọ nìkan. Ní California, ẹgbẹ́ ẹlẹ́yàmẹ̀yà Rise Above Movement, tí Robert Rundo jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tó dá a sílẹ̀, fi ilé eré ìdárayá àti ìjà ẹ̀ṣẹ́ fa àwọn ọ̀dọ́kùnrin. Ní Jámánì, wọ́n ń ta aṣọ olówó ńlá tí àmì inú rẹ̀ kò yé ẹni tí kò sí nínú wọn. Nọ́ńbà 88 tí ọmọ kọ sára àpò ìwé lè má jẹ́ nǹkan kan, ó sì lè jẹ́ ìkíni Hitler, nítorí pé lẹ́tà kẹjọ nínú álífábẹ́ẹ̀tì wọn ni H.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹrin 1999, David Copeland, tó ti wà nínú ẹgbẹ́ òṣèlú ẹlẹ́yàmẹ̀yà kan rí, fi bọ́ǹbù tó kún fún ìṣó sílẹ̀ ní Brixton ní London, ládùúgbò ọjà tí àwọn ọmọ Jàmáíkà àti ọmọ Nàìjíríà ti ń ra oúnjẹ ilé. Kó tó parí ìwà burúkú rẹ̀ ní Soho ní ọjọ́ 30 oṣù náà, ènìyàn mẹ́ta ti kú. Ní oṣù keje 2024, lẹ́yìn tí wọ́n fi ọ̀bẹ pa àwọn ọmọdébìnrin mẹ́ta ní Southport, irọ́ tàn lórí fóònù pé àtìpó tó fi ọkọ̀ ojú omi wọlé ló pa wọ́n. Britain fúnra rẹ̀, ní Cardiff, ni wọ́n bí ẹni tó pa wọ́n sí. Kí òtítọ́ tó dìde, wọ́n ti ń sun ọkọ̀ ọlọ́pàá, wọ́n sì ti kọlu òtẹ́ẹ̀lì tí àwọn tó ń wá ibi ìsádi ń gbé ní Rotherham. Ìjọba Nàìjíríà kìlọ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀ tó wà níbẹ̀ tàbí tó fẹ́ lọ pé kí wọ́n yàgò fún ibi ìwọ́de. Ọ̀pọ̀ lára àwọn tí wọ́n dá lẹ́jọ́ kò ní káàdì ẹgbẹ́ kankan. Inú ẹ̀rọ ni wọ́n ti gba ìtàn náà, òpópónà ni wọ́n ti rí àwọn tí wọ́n jọ gbà á gbọ́.

Báwo ni ènìyàn ṣe ń jáde? Derek Black, ọmọ onílé Stormfront, lọ sí New College ní Florida ní 2010. Nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mọ ọmọ ẹni tó jẹ́, ọ̀pọ̀ kò fẹ́ rí i sójú. Matthew Stevenson, tó jẹ́ Júù, pè é wá jẹun alẹ́ ọjọ́ Ìsinmi àwọn Júù, ó sì ń pè é lọ́sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Ọ̀rẹ́ mìíràn fi sùúrù bá Derek yẹ àkọsílẹ̀ tó gbójú lé wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní 2013, Derek kọ lẹ́tà ní gbangba pé òun ti fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Picciolini náà, inú ṣọ́ọ̀bù àwo orin tó ṣí láti máa ta orin ìkórìíra ni àwọn oníbàárà adúláwọ̀ àti Júù ti ń bá a sọ̀rọ̀ nípa orin mìíràn, títí tí ojú fi ń tì í láti ta orin burúkú náà níwájú wọn.

Àwọn ìtàn yìí dùn ún gbọ́, wọ́n sì léwu bí a bá ṣì wọ́n gbọ́. Kì í ṣe iṣẹ́ ọmọ adúláwọ̀ tó wà ní kíláàsì láti máa rẹ́rìn-ín músẹ́ sí ẹni tó ń pè é ní ọ̀bọ, kó lè baà yí i lọ́kàn padà. Àwọn tó pa Derek tì pẹ̀lú ní ipa; ó ti sọ fúnra rẹ̀ pé ìdájọ́ wọn wà lára ohun tó mú òun tún èrò òun rò. Iṣẹ́ náà, ti àwọn àgbà tó wà nítòsí ọmọ náà ni, àti ti ìjọba.

Jámánì ti ṣe é fún ìgbà pípẹ́. Ní 2000, Bernd Wagner, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ọlọ́pàá tẹ́lẹ̀, àti Ingo Hasselbach, aṣáájú Násì tuntun tó ti kúrò nínú wọn, dá EXIT-Deutschland sílẹ̀. Wọn kì í lọ fipá mú ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá fẹ́ jáde ló ń pè wọ́n. Ní 2011, wọ́n pín ẹ̀wù T-shirt 250 lọ́fẹ̀ẹ́ níbi òde orin ẹlẹ́yàmẹ̀yà kan ní Gera. Àmì tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ fẹ́ràn ló wà lára rẹ̀. Ìgbà tí wọ́n fọ̀ ọ́ tí àwòrán náà ṣí ni wọ́n rí ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀: pé ohun tí ẹ̀wù yìí ṣe, ìwọ náà lè ṣe é, pẹ̀lú bí wọ́n ṣe lè kàn sí EXIT. Ẹni tó bá pè nílò nǹkan tó ju ìwàásù lọ. Ọ̀rẹ́, iṣẹ́, olólùfẹ́, ibùgbé, gbogbo rẹ̀ ló wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ tó fẹ́ fi sílẹ̀, wọ́n sì lè pa á. Wọ́n ní láti bá a wá ìlú mìíràn, iṣẹ́ mìíràn, dókítà tí yóò bá a pa àmì tó fín sára rẹ́.

Èyí tó wà lọ́kàn kì í tètè parẹ́. Pete Simi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá àwọn 89 tó ti kúrò nínú ẹgbẹ́ ẹlẹ́yàmẹ̀yà sọ̀rọ̀ ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì tẹ iṣẹ́ náà jáde ní 2017. Ọ̀pọ̀ wọn sọ pé bí inú bá bí àwọn, ọ̀rọ̀ àtijọ́ máa ń yọ sí àwọn lẹ́nu tàbí lọ́kàn láìròtẹ́lẹ̀, lẹ́yìn ọdún púpọ̀, bó ṣe ń ṣe ẹni tó ti fi oògùn olóró sílẹ̀.

Amẹ́ríkà ní irú àjọ bẹ́ẹ̀, Life After Hate, tí Picciolini wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀. Ní oṣù kìíní 2017, ìjọba àpapọ̀ ṣèlérí dọ́là 400,000 fún un. Ní oṣù kẹfà, ìjọba tuntun fagi lé owó náà. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ, àwọn ẹgbẹ́ tí a ti ń sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ orí yìí pàdé ní Charlottesville, ọ̀kan nínú wọn sì wa ọkọ̀ wọ àárín àwọn tó ń tako wọn, ó pa Heather Heyer. Lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, iye àwọn tó ń pe Life After Hate láti bẹ̀bẹ̀ fún ìrànlọ́wọ́ pọ̀ sí i, àwọn òbí wà lára wọn. Owó tí aráàlú dá ni àjọ náà fi dá wọn lóhùn nígbà náà.